Ọjà Gbàǹjo: Ta Ló San Ìyókù Owó Náà?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀ ni, tí odindi bàbá ọlọ́mọ á fi jókòó máa kọ̀wé lórí ìkòkò ọbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ ò tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò mẹ́ta kan wà nílé ìdáná mi ní Festac, tí mo rà lówó pọ́ọ́kú lọ́dún 2024. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbé wọn wọlé. Lónìí, n kò lè wò wọ́n kí n má rántí ohun tí mo fi ẹnu mi sọ kí n tó rí wọn rà. Ìbéèrè tí àwọn ìkòkò náà bi mí ni èmi náà fẹ́ bi yín: bí èèyàn bá ra ohun tó dára ní owó tí kò tó, ta ló san ìyókù owó náà?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ìyàwó mi gbé omi èbà kaná. Nígbà tí omi hó, ó di ìkòkò mú létí méjèèjì láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Etí kan já sí i lọ́wọ́. Omi gbígbóná dà sílẹ̀, ó sì ta sí Bọ́lá ọmọ wa lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run ló kó wa yọ, ẹsẹ̀ náà bó díẹ̀ ni, ó sì ti jinná. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi gbé ìkòkò elétí kan yẹn ka orí tábìlì níwájú mi, bí ìgbà tí ọlọ́pàá gbé ẹ̀rí wá sí kóòtù.

"Bàbá Bọ́lá, ìkòkò mélòó la ti rà láàárín ọdún mẹ́ta?"

Mo ní n ò kà wọ́n.

"Èmi kà wọ́n. Márùn-ún ni. Ọ̀kan jò, ọ̀kan wọ́, ọ̀kan ò lè dúró lórí iná kó má yẹ̀. Ẹ ro owó wọn pọ̀, ẹ ó rí i pé a ti ná owó ìkòkò gidi tán sórí páńdá."

Mo ro ó. Òótọ́ ló sọ. Mo wá rí i pé ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan gan-an ló ń ra nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Olówó a ra ìkòkò kan ṣoṣo, a sì lò ó títí ọmọ rẹ̀ á fi relé ọkọ. Àwa a ra tiwa lọ́dọọdún, a ó sì máa pe ara wa ní ẹni tó mọ owó ṣọ́. Ni mo bá pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo kó ₦50,000 jọ, mo ní ìkòkò tó dára ni n ó rà, ṣùgbọ́n n ó wá a dé ibi tí n ó ti rí ẹ̀dínwó gidi.

Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ò rí ọjà rà. Ìlú tí wọ́n kọ́ fún àlejò ni Festac. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti gbogbo ayé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà, láti ọjọ́ 15 oṣù January títí di ọjọ́ 12 oṣù February ọdún 1977, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé sí dè wọ́n. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìjọba ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà wá mu ìbò lórí àwọn ilé náà. Lọ́dún 1977 yẹn kan náà ni wọ́n ṣí Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry. Àríyá ló bí ọ̀kan, ìpàtẹ ọjà ló bí èkejì, àwa tí à ń gbé Amuwo-Odofin sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Trade Fair ti di ọjà tí kì í tú báyìí. Ọjà Agboju wà nítòsí, Alaba ò jìnnà, àwọn tó ń pàtẹ tòkunbọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sì wà káàkiri.

Sátidé mẹ́ta ni mo fi rìn. Mo máa ń bọ́ sílẹ̀ ní Mile 2, n ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, n ó sì máa bi àwọn oníṣòwò ní ìbéèrè bí ẹni tó fẹ́ kọ ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ mi kúkú ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́ fún yín, ó lè wúlò.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi dídán mọ ìkòkò. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé e ka orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka kan tì í. Bó bá ń mì jọ̀wọ̀lọ̀, ẹ gbé e fún olówó rẹ̀. Ẹ gbé e wò bóyá ó wúwo, pàápàá nídìí. Ìdí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ń jẹ́ kí ìrẹsì jóná níhìn-ín kó sì tutù lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ọn láti inú sábà máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n kàn jó mọ́ ọn lóríṣi ojú méjì. Etí ìkòkò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ọmọ mi lẹ́sẹ̀ tán, ojú méjì péré ni wọ́n ti jó o. Ẹ dé ọmọrí rẹ̀ wò, kó má jẹ́ pé ọmọrí ìkòkò mìíràn ni wọ́n fi dé e.

Ní ti síténlẹ́ẹ̀sì, láti ìgbà tí Harry Brearley ti ṣe irú irin yìí ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1913 ni ayé ti mọ̀ ọ́n ní irin tí kì í tètè dípẹtà. Bí ẹ bá rí 18/10 lára rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé chromium inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, nickel sì jẹ́ ìdá 10. Ṣùgbọ́n síténlẹ́ẹ̀sì nìkan kì í pín ooru dọ́gba, nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń fi àlùmíníọ̀mù tàbí bàbà sáàárín ìdí rẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí ìdí rẹ̀ nípọn. Oníṣòwò kan tún kọ́ mi pé bí iná bá pọ̀ lára síténlẹ́ẹ̀sì, ó máa ń mú àwọ̀ aró àti pupa rúsúrúsú bíi ti òṣùmàrè. Ó ní kì í ṣe ìpẹtà, kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí kí n fi fọ̀ ọ́, yóò kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ẹ̀kọ́ yìí. Èmi náà rántí rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tó yẹ kí n sọ ọ́, n ò sì sọ ọ́.

Ní ti páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́, ẹ má gbé e kaná lófìfo kí ẹ lọ máa gbọ́ ìròyìn. Bí ooru rẹ̀ bá kọjá 260°C, ohun tí wọ́n fi kun inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èéfín rẹ̀ ò sì dára. Tòkunbọ̀ rẹ̀ tó ti bó, ẹ fi sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọgbọ́n ọjà tó di ti ẹ̀rí-ọkàn nìyí: ìkòkò tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi àlòkù àlùmíníọ̀mù dà. Gbogbo wa la jẹ ìrẹsì inú rẹ̀ dàgbà. Ìlú Ṣakí ní Òkè-Ògùn lórúkọ nídìí iṣẹ́ náà, iṣẹ́ ọwọ́ tó sì níyì ni. Àwọn ọmọlanke á ra ẹ́ńjìnnì tó ti kú, agolo àti fèrèsé tó fọ́, wọn á kó o fún alágbẹ̀dẹ, òun á yọ́ ọ, á dà á sínú yanrìn, ìkòkò dé. Ó wúwo, kò tètè bàjẹ́, kò sì wọ́n. Kí ló kù tí èèyàn ń fẹ́?

Ohun tó kù ni pé kò sí ẹni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú àlòkù yẹn. Lọ́dún 2014, Jeffrey Weidenhamer ti Yunifásítì Ashland ní Amẹ́ríkà àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Cameroon, wọ́n sì rí i pé òjé ń jáde lára wọn bọ́ sínú ohun kíkan tí wọ́n bá sè nínú rẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n yẹ ìkòkò 42 wò láti orílẹ̀-èdè 10. Nínú bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, òjé tó ń jáde tó ohun tí èèyàn ń bẹ̀rù. Àwa ní Nàìjíríà kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún wa ohun tí òjé ń ṣe. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ó pa ọmọdé tó lé ní 400, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà láàárín ilé. Èyí tó bá kéré kì í pani lójú ẹsẹ̀, ọpọlọ ọmọ ló máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìlera ayé gbà pé kò léwu.

N kò ní kí ẹ lọ bú alágbẹ̀dẹ. Òun náà kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi wo inú irin. Bí ẹ bá ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má se ọbẹ̀ tòmátò nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ sun inú rẹ̀, ẹ má sì fi kànrìnkàn onírin họ inú rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé owó rẹ̀ kò tó, ìyókù owó náà kò sì sọnù. Ọmọ tó ń jẹun nínú rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó ń san án, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè.

Ẹ̀dínwó tí kò pa ẹnikẹ́ni lára wà o. Bí ojú ìkòkò bá tẹ̀ wọnú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ẹ rà á. Bí ọmọrí bá sọnù, bó bá jẹ́ ọjà èṣí tí oníṣòwò fẹ́ fi gbà àyè fún tuntun, bí ẹ bá tó ẹni mẹ́ta tí ẹ jọ ra páálí kan, ẹ̀dínwó tòótọ́ nìyẹn. Oníṣòwò fi èrè díẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin náà fi ẹwà díẹ̀ sílẹ̀, ojú yín jọ là sí i. Èyí tí wọ́n gbé owó rẹ̀ gòkè lánàá kí wọ́n lè fa igi lé e lórí lónìí ni kì í ṣe ẹ̀dínwó. Ìyẹn, ojú ni wọ́n fi ń dí wa.

Lẹ́yìn Sátidé mẹ́ta, owó mi kò ká ohun tó dára. Ìkòkò mẹ́ta tó nípọn, ₦150,000 ni wọ́n dá lé e fún mi ní Trade Fair. Láti ìgbà tí owó náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù June ọdún 2023, ohun tó bá ti ti òkè òkun wá ti di ohun àwòmọ́jú. Mo padà sílé pẹ̀lú ₦50,000 mi. Àṣé ohun tí mo ń wá kiri wà nílé kejì.

Màmá Ṣadé ni gbogbo Close wa ń pè é. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì ṣáájú, onílé fi owó kún owó ilé, apá rẹ̀ kò sì ká a mọ́. Ó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Satellite Town, nínú yàrá kan àti pálọ̀. Kò sí àyè fún ẹrù, ló bá ń lu ohun gbogbo ní gbàǹjo: àga, firíìjì, fáànù. Mo wọlé láti lọ kí i ni, mo sì rí ìkòkò mẹ́rin nílẹ̀. Lọ́dún 2001 tí ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ní ìlú Òyìnbó ló rà wọ́n bọ̀ fún un. Èèyàn lè fi ara wọn ṣe dígí.

Mo ti di ọ̀gá nínú ìkòkò nígbà yẹn. Mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan ka ilẹ̀, mo fi ìka tì í, kò mì. Ìṣó mú etí wọn dáadáa. Mo dojú wọn dé, mo rí 18/10 nídìí wọn. Àyà mi ń lù kìkì. Ìyá ní òun fẹ́ gba ₦70,000 lórí mẹ́ta, kí ẹni tó bá fẹ́ èyí tó tóbi jù mú ₦40,000 wá lọ́tọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, kò tó ìdajì iye tí wọ́n pè é fún mi lọ́jà.

Ẹnu mi kò dákẹ́. Ó ti mọ́ ọn lára.

"Mọ́mì, ẹ ò ríi pé ìdí èyí ti wọ́? Ẹ wo àwọ̀ tó wà níbí yìí. Ìpẹtà ló ti ń mú un yẹn. Irú èyí kò ní pẹ́ jò mọ́."

Ìyá gbé ìkòkò náà, ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀, ó yí sí ọ̀nà fèrèsé. "Ìpẹtà ṣe? Èmi ò mà rí i o, Bàbá Bọ́lá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ojú àgbà ni, Mọ́mì."

Ó gbé ìkòkò sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ mú ohun tẹ́ ẹ bá ní wá." Mo san ₦45,000, mo sì fi ₦5,000 tó kù sápò.

Inú ìyàwó mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó se ẹ̀fọ́ rírò lálẹ́, kò sì jóná rárá. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin ló wá bi mí pé, "Kí lẹ sọ fún ìyá yẹn tó fi fún yín ní iye yìí?" Mo rò pé ó fẹ́ yìn mí ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo tilẹ̀ fi ohùn ìyá sí i. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ fún un pé ojú rẹ̀ ni?"

Mo ní ọjà là ń ná.

"Ọjà kọ́ nìyẹn, Bàbá Bọ́lá." Ó padà sí ilé ìdáná.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi iṣẹ́ láti wá ẹni tó máa gbè mí. Mo rí i. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ ń kọ̀wé, sọ pé, "Ṣé ìbọn lo yọ sí i ni? Bí o kò bá rà á, ẹlòmíì á rà á ní ₦30,000. O ràn án lọ́wọ́ ni. Ṣé àwọn tó ń tajà kì í purọ́? Ta ló rí oníṣòwò rí tó sọ pé òun jèrè?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Àwọn àgbà wa náà kúkú sọ ọ́ pé òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́. Mo fi èyí tu ara mi nínú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò. Lóòótọ́, irọ́ wà nínú ọjà ná. Bí ìyá alátà bá ní, "Kò kúkú tó iye tí mo rà á," n kò gbà á gbọ́, òun náà mọ̀ pé n kò gbà á gbọ́. Bí mo bá dágbére pé mò ń lọ, tí mo gbẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó mọ̀ pé mò ń retí kó pè mí padà. Eré la jọ ń ṣe, àwa méjèèjì la mọ òfin rẹ̀. Irọ́ tí àwọn méjì jọ mọ̀ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ti Màmá Ṣadé yàtọ̀. Ìyá gbà mí gbọ́. Èmi nìkan ni mò ń ṣeré, òun rò pé òótọ́ là ń sọ.

Àwọn ẹlẹ́sìn méjèèjì tó wà láàárín wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àwọn Mùsùlùmí ń sọ ọ́ pé Ànábì Muhammad ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá a pé abẹ́ rẹ̀ tutù, ó sì bi olówó rẹ̀ pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i. Ẹni tó ń tà ni ìyẹn bá wí. Nínú Ìwé Òwe, Sólómọ́nì náà ti kíyè sí ẹni tó ń rà, tó ń pe ọjà ní ohun tí kò dára, tó wá dé ẹ̀yìn odi tó ń yangàn. Èmi gan-an ni bàbá yẹn ń bá wí, láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé kí èèyàn má ná ọjà mọ́? Rárá o. Tàbí pé kí n fipá san ₦150,000 fún ẹni tó béèrè ₦70,000? N kò ní in. Bí mo bá sì ní in, ìyá lè bi mí pé ta ló ní kí n wá ṣàánú òun. Ẹni tó wà nínú ìṣòro ní iyì tirẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ohun tó fẹ́ tà ní iye tó bá wù ú. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀nà kan wà tí mi ò gbà. Mo lè sọ pé, "Mọ́mì, ìkòkò yìí dára, kò sí àlébù kankan lára rẹ̀, àmọ́ ₦50,000 nìkan ló wà lọ́wọ́ mi." Bóyá yóò gbà, bóyá kò ní gbà. Bó bá gbà, ẹ̀dínwó ni, òun ló sì fi í ta mí lọ́rẹ. Owó tí mo san lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà, síbẹ̀ n kò ní jalè. Kí a ná owó, kò burú. Òótọ́ ni a kò gbọ́dọ̀ ná.

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta kí n tó kó ₦25,000 jọ. Mo ti pinnu pé iye tí irọ́ mi gé kúrò lórí owó tó pè ni gbèsè tí mo jẹ. Mo lọ sí Satellite Town lọ́jọ́ Àìkú kan. Mo bá ìyá lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà, ó gbé àwo rẹ̀ súnmọ́ ojú. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo sọ ohun tí mo bá wá: pé ìkòkò kò wọ́, pé àwọ̀ yẹn kì í ṣe ìpẹtà, pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń sọ ọ́, kó jọ̀wọ́ dárí jì mí. Mo gbé owó kalẹ̀.

Kò fọwọ́ kan owó náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ojú mi kọ́ nígbà náà?"

Mo ní, "Ojú yín kọ́, mà."

Ó mi orí. "Bàbá Bọ́lá, owó kọ́ ló dùn mí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi fọ ìkòkò yẹn. Nígbà tẹ́ ẹ lọ tán, mo jókòó, mo ní àṣé ohun tí mo ń fọ̀ ti bàjẹ́ tí n ò mọ̀. Èyí tó tóbi yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n, mo ní òun náà á ti dípẹtà nìyẹn. Ojú tì mí láti tà á fún èèyàn, kí wọ́n má baà ní mo lu àwọn ní jìbìtì. Mo gbé e fún ọmọlanke tó ń ra irin. ₦2,000 ló fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá ẹnu tì. Ìkòkò tó lè lo ogún ọdún sí i, irọ́ mi ló sọ ọ́ di àlòkù irin. Ẹ sì wo ìyá tí mo purọ́ fún: ó fara mọ́ kí òun pàdánù ju kó ta ohun tó rò pé kò dára fún ẹlòmíràn. Òun ló yẹ kó kọ àròkọ yìí, kì í ṣe èmi.

Ó ka owó náà, ó kà á pé, ó sọ ọ́ sínú ìró. Ó ní, "Gbèsè ni mo gbà o, kì í ṣe ọrẹ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo bi í pé èló ni kí n san lórí ìkòkò ńlá. Ó ní n kò lè san ìyẹn, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n dúró. Ó wọlé, ó sì gbé ọmọrí ìkòkò ńlá náà jáde, tó ti wà nínú páálí lọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọlanke wá. Ó ní, "Ẹ máa fi èyí ṣe ẹ̀ẹ̀nì. Kò wúlò fún mi."

Kò wúlò fún àwa náà, nítorí kò bá ìkòkò wa kankan mu. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri ilé ìdáná, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ sọ́jà láti ra ìkòkò, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ wo etí rẹ̀, ẹ ná an dáadáa, owó yín kì í ṣe ewé. Ṣùgbọ́n bó bá pọ́ọ́kú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ bi ara yín pé ta ló ń san ìyókù. Bó bá jẹ́ èrè oníṣòwò tó fẹ́ palẹ̀ ọjà mọ́ ni, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ sebẹ̀, ẹ jẹun yó. Bó bá jẹ́ ọpọlọ ọmọ yín ni, tàbí ojú ìyá àgbà kan, ẹ gbà mí gbọ́, ìkòkò náà ti wọ́n jù.